Tínà

Ọjọ́ kìíní tí mo wọ ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Ṣómólú,
Ọ̀gá Ṣíjúadé ò kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ hàn mí.
Ó ní kí n tẹ́ ọwọ́.
Ó kán ẹ̀kán kan sí mi látẹ́lẹwọ́ láti inú kẹ́ẹ̀gì funfun:
ó tutù bí ìgbà tí ọyẹ́ bá fẹnu kan ni lára.
Kí n tó pa ọwọ́ dé, kò sí nǹkan níbẹ̀ mọ́,
àfi awọ ọwọ́ mi tó funfun bí ẹni tó tọwọ́ bọ eérú.
"Níbo ló gbà lọ?"
"Ó ti gbẹ, sà."
Ó rẹ́rìn-ín. "Kò gbẹ. Ó dìde dúró ni.
Ó wà nínú yàrá yìí pẹ̀lú wa."

Omi kọ́ o, bó tiẹ̀ mọ́ lójú bí omi.
Ó ń bọ́ íǹkì lára rọ́bà ẹ̀rọ,
dúdú, pupa, yẹ́lò, gbogbo wọn á jọ̀wọ́ ara wọn.
Ṣùgbọ́n bó o bá rí i pé orí rẹ fúyẹ́,
pé o ń rẹ́rìn-ín láìsí ẹni tó ṣẹ̀fẹ̀,
já iṣẹ́ sílẹ̀, bọ́ sí òpópónà, lọ mí.

Èéfín a máa lọ sókè; gbogbo ayé mọ̀.
Ti tínà kò rí bẹ́ẹ̀.
Òórùn rẹ̀ wúwo, ilẹ̀ ló ń wá,
ó ń fàyà wọ́ lábẹ́ tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì bébà,
ó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn kọjá láìkanlẹ̀kùn.
Kò dìgbà tí iná bá wá sọ́dọ̀ rẹ̀:
òun fúnra rẹ̀ ló ń lọ pe iná wálé.

Mo mọ gbogbo èyí. Mo lè kà á lórí.
Síbẹ̀, lálẹ́ ọjọ́ káléńdà ìjọ kan ní Bàrígà,
tí wọ́n fẹ́ gbà á láàárọ̀ ọjọ́ kejì,
NẸ́PÀ mú iná lọ.
Mo fọ rọ́bà nínú òkùnkùn, mo gbé abọ́ sílẹ̀ láìbò.
Ní yàrá kejì, Ráúfù ṣá ìṣáná
kó lè rí ojú ọ̀bẹ tó fi ń gé bébà.

Mi ò gbọ́ ariwo kankan.
Ohun tí mo rí ni aṣọ búlúù kan, pẹlẹbẹ,
tó ń sáré bọ̀ lórí ilẹ̀
bí ajá tó gbóòórùn olówó rẹ̀.

Ẹnìkan da omi.
Tínà gun omi lẹ́yìn, iná gun tínà,
àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ń ṣàn lọ síbi tí bébà wà.
Ọ̀gá ló gbé garawa iyẹ̀pẹ̀ wá,
garawa tí a máa ń bú u sí pé ó fẹ́ fi gbin ẹ̀fọ́.
Ó dà á lé e lórí jẹ́ẹ́,
bí ẹni ń bo àgbàdo mọ́lẹ̀.

Káléńdà jóná láti Èrèlè títí wọ Bélú.
Ṣẹ́rẹ́ àti Ọ̀pẹ nìkan ló kù nínú ọdún yẹn.
Irun ojú Ráúfù hù padà.
Ìka mi méjì ò mọ ohun tó ń jẹ́ tútù mọ́.
Wọ́n ní iná èsìsì kì í jóni lẹ́ẹ̀mejì.
Ta ló bi tínà?

Lánàá, Fadékẹ́mi ọmọ mi jókòó sí kíṣìnnì,
ó ń fi òwú nu èékánná pupa kúrò.
Ìgò kékeré, kò ju àtàǹpàkò lọ:
mọ̀lẹ́bí tínà ni, èyí tí wọ́n fi òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ pa lára.
Gáàsì ń jó lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ìrẹsì ń hó.
Mo pa gáàsì. Mo ṣí fèrèsé méjèèjì.
"Dádì, ìrẹsì ò tíì jinná!"

Mo ní kó tẹ́ ọwọ́.